Omijé Fidencia

Wọ́n kan fèrèsé lẹ́ẹ̀mẹta. Casilda wà lórí eékún níwájú pẹpẹ, abọ́ àlìkámà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, àbẹ́là tí kò tíì tàn wà lọ́wọ́ kejì. Ó gbé orí sókè. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ni, agogo ìjọ kankan ò tíì dún ní gbogbo ìlú Guanajuato. Wọ́n tún kàn án, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Orí igi ìgbálẹ̀ ni wọ́n ń gbá mọ́ pákó fèrèsé.

Ẹnì kan ṣoṣo ló lè kan fèrèsé yẹn láti ìta. Ilé ìyá Casilda jókòó sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè bíi gbogbo ilé ìlú wa. Bí o bá gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lo wà. Bí o bá yọjú lójú fèrèsé tó wà lódìkejì yàrá kan náà, òkè lo wà, tí ọ̀nà tóóró kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀nà Àdàbà sì wà nísàlẹ̀ rẹ lọ́hùn-ún. Ọ̀nà náà ò gba èèyàn méjì. Bí ẹnì kan bá ń gòkè tí ẹlòmíràn ń sọ̀ kalẹ̀, ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn ti ògiri kí ó sì fa ikùn mọ́ra. Fèrèsé Obdulia, aládùúgbò wọn, ló kọjú sí tiwọn gan-an. Bí èèyàn bá nawọ́ láti ibí, tí ẹlòmíràn nawọ́ láti ọ̀hún, wọ́n á fọwọ́ kan ara wọn.

"Màmá Obdulia, ẹ jẹ́ n sinmi!" Casilda pariwo láìdìde. "Ẹni tí ẹ ń bá jà ti kú! Ẹ tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí náà? Lọ́jọ́ Ẹtì Ìbànújẹ́? Ẹ ò tiẹ̀ bẹ̀rù Ọlọ́run!"

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó gbọ́ tí nǹkan tó wúwo balẹ̀ lórí òkúta fèrèsé ọ̀hún, ó gbọ́ tí wọ́n wọ́ àga nílẹ̀, kò sì gbọ́ nǹkan kan mọ́. Inú rẹ̀ dùn pé òun ti bá a wí. Ó tan àbẹ́là rẹ̀.

Kò sẹ́ni tí kò mọ ìjà Fidencia, ìyá Casilda, àti Obdulia ní àdúgbò náà. Omi òjò ló dá a sílẹ̀. Páìpù òrùlé Obdulia ń tú omi sára ògiri Fidencia, ògiri ń rà, Fidencia ń bú u, Obdulia ń dá a lóhùn, títí ó fi di ogún ọdún. Èébú àwọn méjèèjì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń gun àtẹ̀gùn lọ máa ń dúró bí ẹni tó fẹ́ mí, kí wọ́n lè gbọ́ ìparí rẹ̀. Èkíní á ní, "Ìwọ tí òrùlé ẹ ń jò bí imú ọmọ tí òtútù mú!" Èkejì á ní, "Ó sàn fún òrùlé mi, ìwọ tí ẹnu ẹ ò ní ìdérí!" Nígbà tí Fidencia kú lóṣù Ògún tó kọjá, Obdulia ò wá kí òkú, kò sì tẹ̀ lé wọn dé ìjọ. Ọ̀rọ̀ yẹn dun Casilda wọnú egungun. Lọ́sẹ̀ náà ló wá òòlù àti ìṣó, ó sì kan fèrèsé yẹn pa.

Kì í ṣe ìbínú nìkan ló fi ṣe é. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ohùn ìyá rẹ̀ kó tó kú, ìka kan ṣoṣo ló kù tó ṣì ń gbọ́ tirẹ̀, ìka náà ló sì ń nà sí fèrèsé ṣáá. Bí Casilda bá ṣí i, ìyá á ṣì nà án síbẹ̀. Bí ó bá tì í, ìyá á tún nà án síbẹ̀. Casilda rò ó títí, ó gbà pé ariwo Obdulia ni ìyá òun ò fẹ́ gbọ́ mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́, ohun tó fẹ́ kí ìyá rẹ̀ sọ fún òun kó tó kú kì í ṣe ọ̀rọ̀ fèrèsé. Ọ̀rọ̀ omi ni.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣáájú Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, ilé tó bá tẹ́ pẹpẹ fún Màríà Wúńdíá ò gbọdọ̀ lé ẹnikẹ́ni. Àlejò á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á béèrè pé, "Ṣé Wúńdíá ti sunkún?" Onílé á ní, "Ó ti sunkún," á sì bu omi dídùn fún un mu, nítorí omijé Wúńdíá ni omi náà. Olúkálukú ló ní irú tirẹ̀. Ti ilé Fidencia pupa bí aṣọ bíṣọ́ọ̀bù: bíìtì, gbòǹgbò pupa, ni wọ́n fi ṣe é, pẹ̀lú ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹ̀pà, àti ewé lẹ́túùsì tí wọ́n gé tín-ín-rín sí i lójú. Àwọn èèyàn ń ti òdìkejì ìlú gun òkè wá nítorí rẹ̀. Omijé Fidencia ni wọ́n ń pè é. Casilda fúnra rẹ̀ kò tíì rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é rí. Ó ti lọ́kọ lọ sí Silao láti bí ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, bọ́ọ̀sì aago mẹ́sàn-án ló sì máa ń bá wá lọ́dọọdún, nígbà tó bá sì fi dé, omi á ti wà nínú orù, á tutù, á máa dán. Bó bá béèrè, ìyá rẹ̀ á rẹ́rìn-ín.

"Nígbà tí mo bá fẹ́ kú, màá sọ fún ẹ."

Ikú wá dé, kò sì fún un láyè ọ̀rọ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Casilda ti ṣe omi náà láti àná. Ó tọ́ ti ẹ̀kẹta wò nísinsìnyí, ó dúró, ó tún tọ́ ọ wò. Kò korò, kò sì kan. Ó kàn pupa, ó sì dùn bíi ṣúgà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ti ìyá rẹ̀ máa ń ní ohun kan tó máa ń kù sí ìdí ahọ́n, ohun kan tó máa ń mú kí èèyàn dákẹ́ díẹ̀ kó tó dúpẹ́. Ọ̀sán ni àwọn èèyàn máa bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Bí wọ́n bá mu èyí, wọn ò ní bú u. Wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á wo ara wọn lójú, bí wọ́n bá sì dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, wọ́n á ní Fidencia ti kú lóòótọ́. Ohun tó ń bà á lẹ́rù nìyẹn. Wọ́n ti sin ìyá rẹ̀ lóṣù Ògún, ṣùgbọ́n lójú Casilda, òní ló máa kú tán.

Ó da omi náà sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì rò ó pé ní gbogbo ọdún, òní nìkan ṣoṣo ni èèyàn lè wọ ilé ẹni tí kò mọ̀ rí, kí wọ́n sì fún un ní omi mu láìbi í ní orúkọ. Bí ohun tó wà nínú orù ìyá rẹ̀ bá wà níbòmíràn ní ìlú yìí, ahọ́n òun á dá a mọ̀. Ó wọ bàtà tó rọ̀ jù lọ.

Kó tó ti ilẹ̀kùn, ó wo pẹpẹ náà, ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Aṣọ elésè àlùkò, ọsàn wẹ́wẹ́ tí a fi àsíá wúrà gún lórí, òdòdó funfun, àlìkámà tó hù nínú òkùnkùn tó fi funfun báláú. Ohun kan péré ló yí padà nínú iṣẹ́ ìyá rẹ̀. Fidencia máa ń gbé tábìlì náà kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, débi pé àlejò gbọ́dọ̀ yí po kó tó rí ojú Wúńdíá. Àwọn èèyàn ti kùn sí i títí, ó ti sú wọn. Fèrèsé náà, ọjọ́ yìí nìkan ló máa ń ṣí i sílẹ̀ gbayawu láti àárọ̀ dé alẹ́, ó ní kí èéfín àbẹ́là lè ríbi jáde. Casilda ti tún un ṣe. Ojú Wúńdíá ti kọ sí ẹnu ọ̀nà báyìí, bó ṣe yẹ kí ojú onílé kọ sí àlejò.

Àtẹ̀gùn méjìléláàádọ́fà ló wà láti ẹnu ọ̀nà wọn dé ìsàlẹ̀. Ẹni tí orúnkún bá ń dùn ní ìlú wa, kó yáa kó lọ sí León níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú bí àwo. Ọkọ̀ ò wúlò fún wa púpọ̀. A ti kó wọn sí abẹ́ ilẹ̀, níbi tí odò ń gbà kọjá nígbà àwọn bàbá ńlá wa, kí wọ́n máa pariwo níbẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ ló ni òkè. Casilda ń sọ̀ kalẹ̀, oòrùn àárọ̀ sì ń bá a sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri: ilé pupa, ilé aláwọ̀ ọsàn, ilé aláwọ̀ aró, wọ́n ń yọjú léjìká ara wọn bí àwọn ọmọ tó fẹ́ wo ìran lẹ́yìn àgbà. Òórùn òdòdó kamomáílì ti kún gbogbo kọ̀rọ̀. Níwájú ilé kan, obìnrin kan ń fọ òkúta àtẹ̀gùn pẹ̀lú ọṣẹ, ó ń kọrin, ó sì ń bú ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ kó tó gbẹ.

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Casilda fi ń wá sí ìlú yìí láti bọ́ọ̀sì dé ilé ìyá rẹ̀, láti ilé ìyá rẹ̀ dé bọ́ọ̀sì. Ó ti gbàgbé pé ìlú náà rẹwà tó báyìí. Ó yà á lẹ́nu, inú sì bí i díẹ̀ sí ara rẹ̀.

Ní ọgbà àárín ìlú, lábẹ́ àwọn igi tí wọ́n gé orí wọn dọ́gba, àwọn afọnfèrè ti ń fọn, èrò sì ń yí ọgbà náà po. Òdòdó ló kún ọwọ́ gbogbo èèyàn. Ọkùnrin ń fún obìnrin tó bá wù ú, tó mọ̀ tàbí tí kò mọ̀. Bàbá arúgbó kan tó dé fìlà, tó ń fi ọ̀pá rìn, na òdòdó gígùn kan sí Casilda.

"Gbà, arẹwà."

"Bàbá, mo ti dàgbà jù fún eré yìí."

"Èmi náà ńkọ́? Ṣé ọmọdé lo rí níwájú ẹ ni?"

Ó gbà á, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù Ògún.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ilé agbẹjọ́rò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjọ ńlá aláwọ̀ ìyeyè. Wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì sílẹ̀, pẹpẹ wọn ga dé àjà. "Ṣé Wúńdíá ti sunkún?" "Ó ti sunkún, ẹ káàbọ̀." Omi ìsápá ni, ó kan dáadáa, ó tutù, kì í ṣe òun. Ní ilé aránṣọ kan lókè àtẹ̀gùn yunifásítì, omi ọsàn wẹ́wẹ́ tó ní kóró dúdú tó ń yọ̀ lẹ́nu ni wọ́n fún un. Kì í ṣe òun. Ní kọ̀rọ̀ kan tí ó ti gbàgbé orúkọ rẹ̀, ìdílé kan tí kò ní ju yàrá kan lọ ti ti bẹ́ẹ̀dì sí ògiri kí Wúńdíá lè ríbi dúró, omi pupa sì ni tiwọn. Ó mu ún, ó di ojú. Wọ́n fi ìfẹ́ ṣe é, ó dùn, ó mu ún tán dé ìsàlẹ̀ ife, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun. Ìyá ilé náà wo ojú rẹ̀.

"Ṣé ó dùn jù ni?"

"Rárá, ìyá. Ó dára. Ìyá mi ni mo rántí."

"Ẹ jókòó díẹ̀," ìyá náà wí, ó sì tún bu ife kejì fún un. Kò bi í ní nǹkan mìíràn.

Aago mẹ́wàá ti kọjá nígbà tó gun òkè dé Mellado, níbi tí ilé àwọn awakùsà wà. Bàbá Heliodoro ń gbé níbẹ̀, òun àti Fidencia jọ dàgbà ni. Ó ti pé ọgọ́rin ọdún, ọgbọ̀n nínú rẹ̀ ló lò nínú kòtò fàdákà, àyà rẹ̀ sì ń hó bí kẹ́tù bó bá ń sọ̀rọ̀. Òkúta fàdákà ló tò yí Wúńdíá rẹ̀ ká dípò òdòdó, wọ́n ń kọ mànà bí àbẹ́là bá ṣe ń mì.

"Ṣé Wúńdíá ti sunkún?"

"Ó ti sunkún, omijé rẹ̀ sì ti di yìnyín. Wọlé, ọmọ Fidencia."

Yìnyín dídùn tó ní oje ọsàn wẹ́wẹ́ ló bù fún un nínú ife. Wọ́n jókòó síta, lójú ibi tí gbogbo ìlú tẹ́ sílẹ̀ fún wọn láti wò. Agogo kan bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, òmíràn dá a lóhùn láti òdìkejì, ìkẹta wọlé sí wọn láàárín.

"Bí mo bá jáde nínú kòtò," Heliodoro wí, "ohun tí mo kọ́kọ́ ń wá nìyí. Màá dúró níbí, màá kà wọ́n, ilé aláwọ̀ aró ti Fidencia, ìjọ, òrùlé ọjà. Bí wọ́n bá pé, màá lọ wẹ̀."

Casilda náà kà wọ́n. Ó fẹ́ràn ìlú náà ní ìṣẹ́jú yẹn tó bẹ́ẹ̀ tí kò fẹ́ kúrò níbẹ̀. Nígbà tó yá ló béèrè ohun tó bá wá.

"Bàbá, kí ni ìyá mi máa ń fi sínú omi rẹ̀?"

Heliodoro rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.

"Fidencia? Ìyá ẹ? Ọmọ mi, ìyá ẹ ò mọ oúnjẹ sè! Òun ló ní òun máa se tòlótòló níbi ìgbéyàwó mi. Àwọn ẹbí ìyàwó mi ò tíì dárí jì mí títí dòní. Èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n nídìí ààrò, ẹ jọ̀wọ́."

"Ṣùgbọ́n omi yẹn..."

"Omi yẹn ló ń yà mí lẹ́nu. Tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀, omi ọsàn lásán ló ń fún wa, a kàn ń mu ún nítorí Wúńdíá ni. Ó ṣàdédé di pupa lọ́dún kan, ó sì di nǹkan. Mo ní lọ́kàn mi pé iṣẹ́ ìyanu nìyí."

"Mo rántí ti ọsàn yẹn. Ọdún wo ló yí padà?"

Bàbá náà wo ìlú. "Ọdún tó tẹ̀ lé ìgbà tí kòtò wó. O ti lọ sí Silao nígbà yẹn." Ó fi ọwọ́ nu ẹnu. "Lọ bi Nicanora lọ́jà. Òun ló ń ta bíìtì fún gbogbo wa, á mọ ohun tí ìyá ẹ ń rà mọ́ ọn."

Ọjà wa rí bí ibùdókọ̀ ojú irin tí kò ní ọkọ̀ ojú irin: irin ni, gíláàsì ni, aago ńlá wà lórí ilé ìṣọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ewéko ti gba ibẹ̀ débi pé èèyàn ò rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Nicanora jókòó láàárín bíìtì rẹ̀ bí ọba, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pupa dé igbọ̀nwọ́.

"Casilda! Mo gbọ́ pé ìwọ lo tẹ́ ẹ lọ́dún yìí. Mò ń bọ̀ níbẹ̀ bí mo bá tà tán o. Ẹ má mu ún tán."

"Ẹ̀gbọ́n, ohun tí mo bá wá nìyẹn gan-an. Nígbà tí ìyá mi bá wá ra bíìtì lọ́wọ́ yín, kí ló tún máa ń rà mọ́ ọn?"

"Bíìtì?" Nicanora dá ọwọ́ dúró. "Fidencia ò ra bíìtì lọ́wọ́ mi rí."

"Bóyá lọ́wọ́ ẹlòmíràn."

"Ta ni ẹlòmíràn?" Ojú obìnrin náà le. "Òdòdó funfun ni ìyá ẹ ń rà, á sì máa nájà rẹ̀ títí ẹ̀yìn á fi máa dun olódòdó. Ẹni tó ń ra bíìtì lókè yín, Obdulia ni. Lọ́dọọdún, lọ́jọ́bọ̀ tó ṣáájú òní. Apẹ̀rẹ̀ kan gbáko. Á máa tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò bí ẹni tó ń wá ibà lára ọmọ. Àná gan-an ló wá."

"Ṣùgbọ́n Obdulia kì í tẹ́ pẹpẹ."

"Kì í tẹ́ ẹ. Láti ìgbà tí kòtò ti wó lu Ruperto, ọmọ rẹ̀. Àlùfáà lọ bá a nílé, Obdulia sì sọ fún un pé ọmọ Màríà kú, ọmọ tòun náà kú, kí olúkálukú wọn máa gbé tirẹ̀. Kò wọ ìjọ mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Kì í wọ ilé tí ère Wúńdíá bá wà. Ìwọ rò pé kí ló dé tí kò fi wá sídìí òkú ìyá ẹ?"

Nicanora wọn bíìtì fún oníbàárà kan, ó sì tún yíjú padà sí i.

"Lọ́dọọdún ni mò ń bi ara mi pé, ta ni obìnrin yìí ń ṣe é fún? Lánàá, mo bi òun fúnra rẹ̀. Ó ní kò kàn mí."

Aago lókè wọn lu mọ́kànlá àbọ̀. Casilda dúró láàárín èrò, òdòdó bàbá arúgbó náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀, àwọn èèyàn ń fi apẹ̀rẹ̀ gbún un. Ó tún gbọ́ lọ́kàn rẹ̀ ìgbálẹ̀ tó kan pákó lẹ́ẹ̀mẹta ní ìdájí. Ó gbọ́ nǹkan wúwo tó balẹ̀ lórí òkúta fèrèsé. Ó rántí ìka ìyá rẹ̀ tó ń nà síbẹ̀ ṣáá, tí òun ń ṣí, tí òun ń tì, tí òun fi ìṣó kàn án nígbẹ̀yìn. Ìtìjú mú un débi pé ó fi òdòdó náà bojú. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Èèyàn ò lè sáré ní ìlú wa, ó lè gbìyànjú ni. Nígbà tó gun àtẹ̀gùn àádọ́rin, ó di ògiri mú. Nígbà tó dé òkè, obìnrin mẹ́rin ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú ife lọ́wọ́, èyí tó ṣáájú sì dìde.

"Casilda, ṣé Wúńdíá ti sunkún?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan."

Ó wọlé, ó kọjá níwájú pẹpẹ láìwò ó, ó mú òòlù. Ìṣó mẹ́fà ló kàn mọ́ ọn lóṣù Ògún. Ó ti fi ìbínú kàn wọ́n wọlé, wọn ò sì fẹ́ jáde. Ó fà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pákó ń ké, àtàǹpàkò rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Nígbà tí fèrèsé náà ṣí, oòrùn kún inú yàrá.

Obdulia jókòó lójú fèrèsé tirẹ̀. Orù wà níwájú rẹ̀ lórí òkúta, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó, aṣọ náà tutù. Ó ti wọ aṣọ tó dára, ó ti di irun rẹ̀. Ó kéré ju bí Casilda ṣe rò lọ. Ó ti ń jókòó síbẹ̀ láti ìdájí.

Àforíjì ni Casilda fẹ́ tọrọ. Ohun tó ti ń sọ lẹ́nu ọ̀nà gbogbo èèyàn láti àárọ̀ ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ṣé Wúńdíá ti sunkún?"

Obdulia ká aṣọ funfun náà kúrò lórí orù.

"Láti ìdájí ló ti ń sunkún," ó wí. "Ìwọ ni o ò ṣí fèrèsé."

Ó dìde, ó gbé orù náà, ó sì nà án jáde sórí Ọ̀nà Àdàbà. Ọkùnrin kan tó ń gòkè bọ̀ nísàlẹ̀ fẹ̀yìn ti ògiri, ó gbé ojú sókè, kò sì mí.

"Gbà á, apá ń ro mí. Fi ọwọ́ sí ìdí rẹ̀. Ìdí, mo ní! Ìwọ àti ìyá ẹ, ọwọ́ yín dẹ̀ bákan náà."

Fún ìgbà díẹ̀, àwọn méjèèjì jọ di ìkòkò kan mú láàárín ilé méjì, kò sì sí èyí tó lè fi sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Casilda fà á mọ́ àyà, omi náà ta sí i lọ́wọ́, ó tọ́ ọ wò lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀. Òun ni. Ohun tó ń kù sí ìdí ahọ́n wà níbẹ̀. Kò bi í léèrè ohun tó fi sí i.

"Màmá," ó wí, "ìjà yín wá ńkọ́?"

"Ìjà omi òjò? Òótọ́ ni, kì í ṣe eré. Páìpù mi ń jò sí ògiri yín, mi ò tíì tún un ṣe, mi ò sì ní tún un ṣe." Obdulia tún jókòó. Ó ń na aṣọ funfun náà lórí itan rẹ̀, ó ń ká a. "Nígbà tí Ruperto lọ, ìyá ẹ ní kí n wá jókòó níwájú Wúńdíá òun. Mo ní ẹsẹ̀ mi ò ní tẹ ibẹ̀. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí n máa sunkún láti ibi tí mo wà, kí n gbé e fún òun, òun á pín in fún èèyàn."

Ó gbé ojú sókè bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ó sì ń wo ohun kan lẹ́yìn èjìká Casilda. Ó fa àga rẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀tún. Ó tún fà á díẹ̀ sí òsì. Lẹ́yìn náà ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń ká aṣọ rẹ̀ lọ.

Casilda yíjú padà. Ẹ̀yìn pẹpẹ ló rí: pákó tí a kò kùn, orí ìṣó, etí aṣọ tí a kò rán, àti ẹ̀yìn Wúńdíá. Ó dúró pẹ̀lú orù tutù náà láyà, ó sì ń wò ó.

"Casilda!" Wọ́n ń pè é lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé kò tíì sunkún ni?"

Ó gbé orù náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Kò bu omi. Ó lọ sí ìdí tábìlì, ó di igun kan mú.

"Ó ti sunkún," ó wí. "Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wọlé wá bá mi yí i."

Àwọn obìnrin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbé ife wọn sílẹ̀, wọ́n wọlé, wọ́n sì di tábìlì mú. Wọ́n ń yí i díẹ̀díẹ̀ kí àbẹ́là má baà kú, ọsàn kan já bọ́, ó yí lọ dé abẹ́ fèrèsé, títí ojú Wúńdíá fi kúrò lẹ́nu ọ̀nà, tí ó sì kọ sí ìmọ́lẹ̀. Lódìkejì Ọ̀nà Àdàbà, Obdulia fa àga rẹ̀ padà sí ibi tó máa ń wà.